Èmi Ni Olè Tí Àwọn Ajá Ń Mú

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ olè ni mo ṣe tí mo fi tọ́ àwọn bàbá yín dàgbà. Ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi ò mú abẹ́rẹ́ onílé rí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí egungun mi fi le, olè ni mí láàárọ̀, olè ni mí lọ́sàn-án. Ajá á lé mi, ajá á mú mi, bí oṣù bá sì parí, wọ́n á pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n á fún mi lówó iṣẹ́ mi, wọ́n á ní mo kú iṣẹ́.

Àwọn géńdé tó wá kan kámẹ́rà mọ́ igun ilé lánàá ló jẹ́ kí n rántí. Mo jókòó sórí àga mi níbí, mo ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ojú tí kì í sùn nìyí o. Bí kòkòrò bá kọjá, ó máa rí i." Mo ní, "Ó dára. Ṣé ó máa ń gbóòórùn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, kámẹ́rà kì í gbóòórùn." Àgbà kì í bá irin jà. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ nínú ara mi pé ohun tó ń ṣọ́ wa báyìí, ó ń rí wa ni, kò mọ̀ wá.

Ẹ mọ ọ̀nà Ìyìn, níbi tí ilé epo àti gbọ̀ngàn àpèjẹ kún sí báyìí. Nígbà kan, ilé ìkẹ́rù ló wà níbẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ, tí páànù orí wọn ti dúdú. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ni wọ́n. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ilé ajá wà. Ajá òyìnbó ni, àwọn onírun púpọ̀ tí etí wọn ń dúró ṣanṣan. Àwọn ló ń ṣọ́ kòkó, wọ́n sì tún máa ń yá wọn fún ilé ìfowópamọ́ àti ilé àwọn ọlọ́lá láàárín Adó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n lórí sìmẹ́ńtì, ẹ ó gbọ́ bí ajá ṣe ń gbọn etí, pàkà-pàkà-pàkà. Lẹ́yìn náà, fèrè Sájẹ́ńtì á dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á sì pa lọ́lọ́. Inú àgbá la ti ń se àgbàdo lílọ̀ mọ́ eegun màálù fún wọn. Bí òjò bá rọ̀, òórùn kòkó, òórùn irun ajá tó tutù àti òórùn eegun náà á dà pọ̀ mọ́ra. Títí di òní, bí òjò bá ti ṣú láti ọ̀nà Ìyìn, òórùn yẹn a máa kàn mí nímú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Sájẹ́ńtì ni olórí ilé ajá. Ọmọ Ìgbèmọ ni. Ó ti fi ajá ṣiṣẹ́ ọba rí kó tó fẹ̀yìn tì, oyè iṣẹ́ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ àbísọ rẹ̀, àfi ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í pariwo. Èmi, alábàárù ni mí nígbà náà, mò ń ru àpò kòkó sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, àpò yọ̀ bọ́ lé mi lórí, mo ṣubú. Mo dìde, mo gbọn ara nù, mo tún gbé e. Àṣé Sájẹ́ńtì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò mí. Ó pè mí.

"Ṣé inú máa ń bí ọ?"

Mo ní, "Sí ta ni, sà?"

"Bí nǹkan bá gé ọ jẹ, ṣé o lè ṣe é kí inú má bí ọ?"

Mo rò ó díẹ̀. Mo ní, "Ó kù sọ́wọ́ ohun tó bá gé mi jẹ, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fi kòkó sílẹ̀. Uṣẹ́ wà fún ọ lọ́dọ̀ mi."

Bí mo ṣe di olè nìyẹn.

Àpò kòkó ni wọ́n fi rán apá tí mo ń wọ̀ sọ́wọ́, wọ́n ki òwú àti àkísà sínú rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Màá sá pamọ́ sẹ́yìn igi tàbí ẹ̀yìn àgbá, màá fò jáde, màá pariwo, màá fi pàṣán na ilẹ̀. Ajá á sì dé. Bí ajá tó ti gbó bá fi eyín gbá apá yẹn mú, ẹ ó rò pé ògiri ló wó lù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an fún yín: iṣẹ́ kí ènìyàn máa pàdánù ni. Ọmọ ajá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tó, mo gbọ́dọ̀ wárìrì níwájú rẹ̀, kí n sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Á rò pé kìnnìún lòun. Bí ó bá dàgbà pẹ̀lú èrò yẹn, kìnnìún ló máa dà. Ajá tí olè bá ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan nígbà èwe, ọkàn rẹ̀ ti fọ́ nìyẹn, kò ṣe é fi ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Sájẹ́ńtì ló wà lẹ́yìn wọn. Èmi ni ọ̀bọ.

Òfin Sájẹ́ńtì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tó ń mú ajá kan ni kó máa bọ́ ọ, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ. Ó ní, bí ọwọ́ méjì bá ń bọ́ ajá, ọwọ́ kẹta ló máa fún un ní májèlé. Nítorí náà, a máa ń ju ẹran sísun sí wọn nílẹ̀, a ó ti fi ohun kíkorò há inú rẹ̀, títí wọ́n á fi mọ̀ pé oúnjẹ tí kò bá ti ọwọ́ olúwa wọn wá, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Kò sì fẹ́ kí a máa lù wọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣàṣejù, á bá a wí, ṣùgbọ́n kó tó so ó mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Èmi ni kò sí ọwọ́ ọ̀tún fún. Olè kò gbọdọ̀ fọwọ́ pa ajá lórí. Nígbà tí abo ajá kan bímọ, gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló wọlé lọ wo àwọn ọmọ náà, wọ́n ń gbé wọn mọ́ àyà. Èmi dúró síta lẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké wíí-wíí. Bí ara ajá kan kò bá yá, ẹnu ọ̀nà ni màá ti béèrè rẹ̀, bí ẹni ń béèrè ọmọ àna. Mo fẹ́ràn wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ mọ̀. Ìyàwó mi a máa ní, "Ìwọ nìkan lo máa ń jí lọ síbi tí wọ́n ti kórìíra rẹ, tí wàá tún máa súfèé lọ́nà."

Nínú àwọn ọmọ ajá tí mo gbọ́ igbe wọn lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ yẹn ni Sájẹ́ńtì ti mú ọ̀kan fún ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Gbọ́tèmi. Akọ ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, ilà dúdú kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́ ti Sájẹ́ńtì lóòótọ́, kò gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ohun tí ajá ń gbọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Sájẹ́ńtì kì í fi òyìnbó pàṣẹ fún wọn bí àwọn yòókù. Yorùbá ni, ó sì ní ajá ò mọ ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ajá gbá olè mú, á ní, "Mú un!" Bí ó bá fẹ́ kó tú olè sílẹ̀, á ní, "Ó tó!" Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kì í sọ pé "dúró" fún wọn, "jókòó" ló máa ń sọ. Ó ní, "Gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ. Dúró. Ó tó. Ṣé ohùn kan náà kọ́ ni? Ajá á ṣì í gbọ́, ènìyàn á sì kú." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ kan, kì í sì í ṣe ajá ni ì bá pa mí. Sájẹ́ńtì máa ń mú àwọn ajá rìn gba ìgboro kọjá, kí wọ́n lè mọ ariwo ọkọ̀ àti èrò. Mo mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, mo sì máa ń yà fún wọn. Lọ́jọ́ yìí mo gbàgbé. Mo ń ra bàtà fún Dáre, àkọ́bí mi, ní Fájuyì láàárín ìgboro. Mo yí padà báyìí, èmi àti Gbọ́tèmi ṣe kòńgẹ́. Ó gbó, ó nà sókè lórí ẹsẹ̀ méjì. Ẹ wò ó, bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín èrò ọjà, tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbó, kí ni àwọn ènìyàn máa rò? Ọkùnrin kan di ọrùn aṣọ mi mú. "Kí lo jí?" Òmíràn ní, "Ajá kì í purọ́!" Kí n tó lanu, ìgbájú ti bà mí.

Sájẹ́ńtì ń fa ajá sẹ́yìn, ó ń kígbe, "Ẹ fi í sílẹ̀! Olè tèmi ni!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló tún bà á jẹ́. Wọ́n yíjú sí i. "Olè tìẹ báwo? Ṣé ẹ jọ ń jalè ni?" Nígbà tí ó fi ṣàlàyé tán, ìyá oníbàtà ti ń fi omi tútù pa ojú mi, àwọn tó na mí sì ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, Olè Sájẹ́ńtì ni gbogbo Fájuyì ń pè mí.

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ akọrin ló wà, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní ọmọ olè nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ni Sájẹ́ńtì bá wá sílé wa lọ́jọ́ ìsinmi, ó dé fìlà, ó jókòó, kò fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Ìyá Dáre, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sùn ní Adó yìí láìbẹ̀rù. Ọkọ rẹ ni wọ́n fi ń sùn." Ìyàwó mi dìde, ó jáde. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ìró ọmọrí odó lẹ́yìnkùlé. A jẹ iyán lọ́jọ́ náà, a yó.

Ìrántí kì í tò bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ẹ fara dà á fún mi. Mo tún rántí àwọn onísutánà funfun, àwọn Àládùúrà ẹ̀yìn ọgbà wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rìn kọjá pẹ̀lú agogo, àwọn ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ já ẹ̀wọ̀n, nítorí aṣọ kakí àti àpò nìkan ni wọ́n mọ̀. Sájẹ́ńtì lọ bẹ ìyá tó ń darí wọn pé kó bá òun máa gba ibẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kó máa lu agogo rẹ̀. Ìyá náà gbà. Nígbà tó yá, bí àwọn ajá bá gbọ́ agogo, ìrù ni wọ́n ń jù. Ó ní, "Àwọn náà ti ń gbọ́ ìwàásù." Bí ọdún Ògún bá sì ń bọ̀, a máa ń há wọn mọ́lé, ẹ ṣáà mọ ìdí rẹ̀. Bàbá àgbẹ̀dẹ kan yọjú sí wa lẹ́ẹ̀kan, ó wo Gbọ́tèmi láti orí dé ìrù, ó ní, "Ajá yìí ì bá wu Ògún o." Sájẹ́ńtì ní, "Bàbá, uṣẹ́ Ògún ló kúkú ń ṣe." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ Ìgbèmọ fún yín.

Ìgbà tí ìrẹsì ń gbó ni. Nígbà náà, ènìyàn lè dá lọ sí oko láìwo ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó ń gbé ènìyàn pamọ́ sígbó. Sájẹ́ńtì ní oko ìrẹsì nílé, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló sì ń lọ síbẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kíkẹ́, òun pẹ̀lú Gbọ́tèmi. Mo wà nílé ní Adó lọ́jọ́ náà, mo ń fọ ṣòkòtò mi, nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gùn ún ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni Olè Sájẹ́ńtì?"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Sájẹ́ńtì ṣubú lóko, ajá ò jẹ́ kí a gbé e."

Mo gun ọ̀kadà náà bí mo ṣe wà, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. A ti jìnnà kí n tó rántí apá àpò mi. Ọ̀nà Ìyìn ló wà, Ìgbèmọ sì wà ní apá ibòmíràn pátápátá. Mi ò lè padà.

Oòrùn mú nígbà tí a dé. Ìrẹsì ti pọ́n kalẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tó ń lé ẹyẹ ti dákẹ́, àwọn ẹyẹ sì ń jẹ, kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ènìyàn dúró lókèèrè. Sájẹ́ńtì wà nílẹ̀ lẹ́bàá poro, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí sí apá kan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Gbọ́tèmi dúró lé e lórí, ẹsẹ̀ méjì níhìn-ín, ẹsẹ̀ méjì lọ́hùn-ún. Kò gbó. Ajá tó ń gbó ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Èyí tí kò gbó ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n ti ju ẹran sí i, kò wò ó. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ti ju igi, wọ́n ti ju ẹrẹ̀, kò yẹ̀. Ìyá Kíkẹ́ ti gbìyànjú láti sún mọ́ ọkọ rẹ̀, etí ìró rẹ̀ ti fàya. Mo wo ajá náà, mo rí i pé kò ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí a kọ́ ọ ló ń ṣe. Ẹ̀kọ́ wa ló dúró lórí ọ̀gá mi yẹn, tí kò jẹ́ kí a gbé e.

Ọdẹ àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ ìyá mi, mo ti ń dúró dè ọ́. Bàbá yìí ń kú lọ lójú wa. Ajá ni ìyẹn, ènìyàn nìyí."

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá."

Ìyá Kíkẹ́ di ọwọ́ ọdẹ náà mú, ó bú sẹ́kún. "Kí lẹ tún ń dúró ṣe? Ẹ yìn ín! Ọkọ mi ni mo fẹ́! Ẹ bá mi yìn ín!"

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò bá a wí nígbà náà, mi ò sì bá a wí di òní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yìnbọn, ajá náà wà lórí ọ̀gá mi gan-an. Ọta kì í yan ẹni tó máa bà. Mo tún ronú. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú Gbọ́tèmi kúrò lórí olúwa rẹ̀, ìyẹn ni pé kí olè dé. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà lóko yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ní olè láti kékeré rẹ̀ wá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí mi ò bá rí i ṣe, ẹ ṣe tiyín."

Ó ní, "Ìbọn mi kò ní í sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n bá mi wá àpò ìrẹsì kan, mo fi wé apá òsì mi. Ìyá Kíkẹ́ tú gèlè orí rẹ̀ fún mi, mo fi so ó. Mo sọ fún àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé, "Bí ó bá ti bá mi dìmú, ẹ má wo ẹ̀yìn. Ẹ gbé e, kí ẹ máa lọ." Mo rí okùn awọ ajá náà tó wọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí ọ̀pẹ kan tí kò jìnnà. Mo mú igi. Mo bẹ́ sínú poro, mo ké igbe tí mo máa ń ké ní ilé ajá, mo sì gbé igi náà sókè bí ẹni fẹ́ fi na Sájẹ́ńtì.

Gbọ́tèmi wo ojú olúwa rẹ̀, ó ń retí àṣẹ. Àṣẹ ò wá. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó fò.

Àpò ìrẹsì kì í ṣe àpò kòkó. Eyín rẹ̀ wọlé, ó kan eegun. Mo ké. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé ọkùnrin kì í ké. Ṣùgbọ́n mi ò jà, mo ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi ọ̀pẹ, ó ń wọ́ mi, mo ń wọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ kejì he okùn awọ náà, mo yí i po ọ̀pẹ, mo ta á ní kókó. Àwọn ọkùnrin ti gbé Sájẹ́ńtì. Ilẹ̀kùn ahéré kan ni wọ́n fi gbé e.

Gbọ́tèmi kò tú mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́ lórí èyí, ìyẹn "Ó tó", ẹnu kan ṣoṣo ló sì ti máa ń gbọ́ ọ. Mo rí i tí ọdẹ ń sún mọ́ wa, tí ó ń wo ibi tí òun máa gbà yìn ín láìba èmi. Bí wọ́n ṣe ń gbé Sájẹ́ńtì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo kígbe, "Ọ̀gá! Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ ọ́!"

Ẹnu rẹ̀ mì. Itọ́ ló jáde, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún gbìyànjú, omi bọ́ lójú rẹ̀ kan. Ni mo bá gbọ́ nǹkan láti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ìró méjì, méjèèjì lọ sókè, wọ́n dọ́gba: "Ḿ ḿ."

Ajá náà ya ẹnu. Ó tú mi sílẹ̀. Ó jókòó sídìí ọ̀pẹ, ahọ́n rẹ̀ síta, ó ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbé olúwa rẹ̀ gbà lọ. Ọdẹ gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Kí ni bàbá yẹn sọ fún un?" Mo fẹ́ dáhùn, ni ojú mi ṣú.

Wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù ní Adó nínú ọkọ̀ kan náà. Wọ́n rán apá mi, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ìka méjì kò sì ká dáadáa mọ́ di òní. Sájẹ́ńtì yè. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Kò padà sí ilé ajá mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní ajá ń jẹ jù, pé ògiri gíga àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti tó. Wọ́n ta àwọn ajá náà fún onírúurú ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, mo lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n rí mi, gbogbo wọn ló gbó mi, wọ́n gbó mi títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà. Ìdágbére tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe fún mi nìyẹn.

Lónìí, ènìyàn á ra ajá bí ẹni ra àgádágodo. Á so ó mọ́ ẹnu géètì láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní í bá a rìn, kò ní í bá a sọ̀rọ̀, bó bá wá bu ọmọ rẹ̀ jẹ, á ní ajá náà ya wèrè. Àìsí ọ̀rẹ́ ló yà á ní wèrè.

Gbọ́tèmi ni wọn ò rí ẹni tó lè mú un, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ fún Sájẹ́ńtì ní Ìgbèmọ. Mo máa ń lọ kí wọn. Bí mo bá dé, ajá náà á dìde, á máa kùn, èmi náà á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí Sájẹ́ńtì á fi ṣe "ḿ ḿ" láti orí àga rẹ̀. Á sì fi ìdajì ojú tó kù fún un rẹ́rìn-ín. Èmi ni màá sọ̀rọ̀, òun á máa gbọ́. Ìyá Kíkẹ́ kì í gba ẹ̀gbẹ́ ajá náà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń tọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá Dáre, mo ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀, òun náà sì mọ̀."

Inú ọyẹ́ ni Sájẹ́ńtì lọ, lójú oorun. Nígbà tí mo dé fún ìsìnkú, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe máa ń ṣe. Gbọ́tèmi dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó gbé orí, ó wò mí, kò kùn. Ó tún gbé orí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ajá yẹn bù mí jẹ dé eegun, kò dùn mí tó ọjọ́ tí ó wò mí tí kò kùn. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún ọ̀gá mi, kí n tó wọlé lọ kí opó.

Lẹ́yìn tí àlejò ti tú ká, mo padà lọ. Mo ní, "Ìyá Kíkẹ́, mo wá mú ajá yìí lọ sí Adó. Ẹ ti gbìyànjú. Mi ò fẹ́ kó máa dẹ́rù bà yín."

Ó ń fi omi ṣan abọ́ kan. Ó ní, "Ó ti ń jẹun lọ́wọ́ mi."

"Ọwọ́ yín? Láti ìgbà wo?"

"Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo jókòó síbí, mò ń dá sọ̀rọ̀ Bàbá Kíkẹ́, ni mo rí i tó gbé etí sókè. Mo tún dárúkọ rẹ̀, ó tún gbé e." Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀. "Àwọn ọmọ ti padà síbi uṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń wá kí mi, bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní kí n gbàgbé, kí n má ronú mọ́. Òun nìkan ló kù nínú ulé yìí tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ọkọ mi, tí á sì máa gbọ́. Ẹ má mú un lọ."

Mi ò mú un lọ. Bí mo ṣe ń dúró de ọ̀kadà níta, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú àgbàlá. Ó ń sọ fún ajá náà nípa ọjọ́ tí Sájẹ́ńtì kọ́kọ́ wá fẹ́ ẹ nílé bàbá rẹ̀, bí bàtà ìjọba tó wọ̀ ṣe ń ta á lẹ́sẹ̀, tó fi bọ́ ọ síta, tí ewúrẹ́ sì gbé ọ̀kan lọ.